Asẹ́ Ìyá Mi àti Ọjà tí Wọn Kì í Ti í Peni Padà

Ìyá mi kì í pe oníbàárà padà. Gbogbo Lálúpọn ló mọ ìwà yìí mọ́ ọn. Bí o bá dé ìdí gàrí rẹ̀, tí o ná an, tí kò gbà, tí o sì yísẹ̀ kúrò, á kàn máa wò ọ́ títí wàá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn ni, kò ní la ẹnu. Ìyá Kúdí tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè gbà kí oníbàárà gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kíá, á ti ké: "Ẹ padà wá! Ẹ wá gbà á! Ẹ mú owó yẹn wá!" Bí ọjà wa ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó ń rà mọ̀ pé bí òun ṣe ń lọ yẹn, òun ò lọ. Ẹni tó ń tà náà mọ̀. Ìrìn ọ̀hún wà lára ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ.

Ìyá mi nìkan ni kì í dá sí i. "Ẹni tó bá lọ, ó mọ ọ̀nà," ohun tó máa ń sọ nìyẹn, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lóòótọ́, wọ́n máa ń padà. Gàrí rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ó gbẹ, ó kúná, ó kan dáadáa, bí o bá sì da omi lé e, kó o tó wá ṣíbí ó ti wú kúnnú abọ́.

Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé èmi lòun máa fi ẹbu lé lọ́wọ́, ìyẹn abà onípákó tí a ti ń rin ẹ̀gẹ́, tí a ti ń tẹ̀ ẹ́, tí a ti ń sẹ́ ẹ, tí a sì ti ń yan án. Mo dàgbà, mo kàwé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan ní Olódò. Nígbà tí ọ̀nà là fún mi láti lọ sí Ìlú Ọba, mo wá sọ fún un lẹ́bu.

"Ta ni màá wá fi èyí lé lọ́wọ́?" ó bi mí.

Mo ti múra ọ̀rọ̀ dáadáa lọ síbẹ̀ o. Mo fẹ́ sọ pé mi ò ní pẹ́, pé màá máa fi nǹkan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n èéfín kọlù mí lójú lọ́jọ́ náà, inú sì ń bí mi pé kò tilẹ̀ bá mi yọ̀, mo bá ní: "Ìyá, èéfín ẹbu yìí gan-an ni mò ń sá fún."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ìyá mi kò bá mi jà. Ó kàn dákẹ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì ń bá a lọ títí di ọjọ́ tí mo gbéra.

Lọ́jọ́ náà, asẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ," kò gbójú sókè. Mo gbé báàgì mi. Láti ẹbu dé etí títì tí ọ̀kadà ti ń dúró dè mí kò jìnnà, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ di ọ̀nà jíjìn. Mo dúró nídìí jáàkì tí a fi ń tẹ ẹ̀gẹ́, mo bẹ̀rẹ̀, mo tún bàtà mi ṣe. Mo dé abẹ́ igi kajú, mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń fetí sílẹ̀. Ìró asẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn mi, ṣàà, ṣàà, ṣàà, kò yára, kò sì falẹ̀. Ó bá mi dé orí ọ̀kadà.

Òtútù ni gbogbo èèyàn fi dẹ́rù bà mí kí n tó wá síbí. Kò sẹ́ni tó sọ ti ìdákẹ́jẹ́ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì, mo kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọlúàbí, ẹ káàárọ̀ o. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin kan yọ nǹkan tó kì sétí, ó wò mí, ó dá a padà sétí. Mo jókòó, ojú ń tì mí bí ẹni tó já sílé onílé láìkànlẹ̀kùn.

Iṣẹ́ tí mo rí ni títọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan tí wọ́n kó wọn jọ sí. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń wọṣọ fún wọn, mo ń fún wọn lóúnjẹ. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Màmá Edith, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n máa pe òun ní Edith. Èmi? Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní orúkọ òun ni. Mo ní bí mo bá pe àgbàlagbà lórúkọ gbọnrangandan bẹ́ẹ̀, ìyá mi á gbọ́ ọ ní Lálúpọn, etí mi á sì gbóná níbí. A ná ọ̀rọ̀ náà títí, Edith, Màmá, Edith, Màmá, a wá parí rẹ̀ sí Màmá Edith. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ná ní Ìlú Ọba tí wọ́n sì bá mi dín in.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Àbúrò mi Mùínátù tó ń ránṣọ ní Lálúpọn ló máa ń gbé fóònù lọ bá Ìyá lẹ́bu. Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe máa ń rí nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"Sọ fún un pé mo gbọ́."

"Ìyá, èmi náà ń gbọ́ yín kedere."

"Sọ fún un kó máa wọ aṣọ tó nípọn."

Mùínátù á ní, "Àǹtí mi, Ìyá ní kí ẹ máa wọ aṣọ tó nípọn," bí ẹni pé mo di adití. Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, màá gbé fóònù sílẹ̀, màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá sunkún. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ń fi aṣọ ránṣẹ́, mo ń fi oògùn ojú ránṣẹ́, ó ń gbà á, ó ń ní kí Mùínátù bá òun dúpẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi tààrà lọ.

Màmá Edith ló sọ fún mi nípa ọjà. Ó rí i pé gbogbo Sátidé tí mi ò bá ṣiṣẹ́, inú yàrá ni mo máa ń wà. Ó ní, "Lọ sí ọjà àtijọ́ láàárín ìgboro. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń tajà. Àwọn èèyàn ń pariwo níbẹ̀." Bó ṣe dárúkọ ariwo ni mo wá ẹ̀wù wọ̀.

Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọjà náà. Òrùlé rẹ̀ ga fíofío, irin ló gbé e ró, ẹyẹlé sì ń fò kiri lókè bí ẹni pé àwọn ni baálẹ̀ ọjà. Òkúta ẹnu ọ̀nà ti jẹ wọnú níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ayébáyé. Ohun tí àwọn ará àgbègbè yẹn bá fi ọwọ́ ara wọn ṣe nìkan ni wọ́n ń tà: ìkòkò amọ̀, ṣíbí onígi, fìlà onírun àgùntàn, oyin, búrẹ́dì tó le bí òkò níta tó sì rọ̀ nínú, wàràkàṣì tó tóbi tó ọmọrí odó. Obìnrin kan wà ní kọ̀rọ̀ tó ń ta ẹja yíyan. Òórùn ẹja yẹn gbá mi nímú, omi sì bọ́ lójú mi láàárín èrò.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Èmi, ariwo gan-an ni mo wá wò. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń kí wọn ẹ kú ọjà ní Yorùbá lábẹ́ ahọ́n. Mo dé ìdí wàràkàṣì, mo bu díẹ̀ sẹ́nu, nítorí kò sẹ́ni tó ń ra gàrí ní Lálúpọn láìtọ́ ọ wò. Àṣé èyí tí wọ́n ti gé fún ẹlòmíì ni mo bu. Ọkùnrin tó ń tà á wò mí, ó wo wàràkàṣì, ó wá fọwọ́ tọ́ka sí àwo kékeré kan tó kọ sí gbangba pé ti ìtọ́wò nìyí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dùn àbí kò dùn?" Láti ọjọ́ náà, bó bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á gbé àwo ìtọ́wò sókè. Ẹnì kan ti dá mi mọ̀ ní ìlú yìí. Inú mi dùn débi pé mo ra wàràkàṣì tí mi ò lè jẹ tán.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo pe ilé, mi ò gbọ́ ìró asẹ́ tí mo máa ń gbọ́ lẹ́yìn ohùn wọn. Mo bi Mùínátù pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Asẹ́ Ìyá ti já, Àǹtí mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í já láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n ń fi òwú gán an."

"Kí wọ́n ra òmíràn."

"Níbo? Bàbá tó ń hun ún fún wa ti kú, kò sì sí ọmọ rẹ̀ kankan tó kọ́ ọ. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí, oníke ni. Ìyá ní kò mọ èérí yàtọ̀ sí gàrí. Nẹ́ẹ̀tì wíńdò ni Ìyá kàn mọ́ igi, wọ́n ń fi sẹ́ ẹ. Oníbàárà kan ní gàrí wọn ti yí padà."

Mo gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́yìn: "Ta ló rán ọ níṣẹ́ ìyẹn?"

Oníbàárà ní gàrí ìyá mi ti yí padà! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí bí ẹni pé wọ́n bú ìyá mi lójú mi. Ìyá tí kì í pe èèyàn padà, orí adùn gàrí yẹn ló gbé ara lé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo rí Bàbá Alápẹ̀rẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí kúkúrú ní ìsàlẹ̀ ọjà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó ń hun apẹ̀rẹ̀. Mo ti máa ń kọjá níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò wò ó. Lọ́jọ́ yẹn, ojú mi lọ sí ara ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Asẹ́ ló wà níbẹ̀! Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ roboto, tí wọ́n fi ọ̀pá wẹ́wẹ́ hun àárín rẹ̀. Ó ní àwọn àgbẹ̀ wọn ló ń fi sẹ́ ọkà láyé àtijọ́. Mo gbà á, mo gbọ̀n ọ́n. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.

"Èló ni?"

Ó pe iye rẹ̀. Kò burú rárá, mo sì lówó ọ̀hún nínú báàgì. Ṣùgbọ́n ta ni í san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè? Ìyá tó bí mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ní kó gbà á ní ìdajì.

Ó wò mí. "Rárá, iye tí mo pè ni."

Mo fi díẹ̀ lé e. Ó ní iye tí òun pè ni. Mo wá àléébù sí asẹ́ náà lára, mo ní etí rẹ̀ kò gún. Ó gbà á, ó wo etí rẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ó gún." Inú mi ti ń dùn. Mo rò pé ọjà ti ń dé ojú rẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n máa lọ," mo sì yísẹ̀ padà.

Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì, mo gbé ẹ̀kẹta. Mo dúró lọ́dọ̀ oníṣíbí, mo ń yẹ ṣíbí wò. Kò pè mí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tún bàtà mi ṣe, mo yọjú wò ó lábẹ́ apá. Ó ti padà sídìí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo yí gbogbo ọjà po, mo tún kọjá níwájú rẹ̀, mo rọra ń lọ bí ìyàwó tuntun. Ó mi orí sí mi, ó kí mi, ó ń hun nǹkan rẹ̀ lọ. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró lórí òkúta tó jẹ wọnú yẹn, mo fetí sílẹ̀. Mo bínú wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, bí mo ṣe ń ya irun Màmá Edith, mo rojọ́ Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ fún un.

Ó bi mí, "Ṣé o fẹ́ asẹ́ náà?"

"Mo fẹ́ ẹ gan-an, Màmá."

"Kí ló wá dé tí o kúrò níbẹ̀?"

"Kó lè pè mí ni."

Ó ní kí n dá kọ́ọ̀mù dúró ná. Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ẹ̀yìn rẹ ló rí. Ẹni tó rí ẹ̀yìn èèyàn, kí ni kó rò? Níbí, bí èèyàn bá ń lọ, a gbà pé ó fẹ́ lọ ni. A ò ní pè é, ká má baà dà á láàmú." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ti fi irú ìyẹn sọ ẹnì kan nù rí." Kò sọ ẹni náà fún mi, mi ò sì bi í.

Mo ya irun rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Gbogbo bí mo ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ yẹn, ẹbu ni mò ń rí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń bínú sí ìyá mi pé kò pè mí. Mo mọ̀ pé kì í pe ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ mo rò pé èmi kì í ṣe oníbàárà. Kí ni mo fi sílẹ̀ fún un ná? Mo sọ fún un pé èéfín rẹ̀ ni mò ń sá fún, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ìyẹn ló gbọ́, ìyẹn ló rí. Títún bàtà ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì fi ẹnu ara mi gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Aṣọ ni mò ń fi ránṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ àjò ṣe rí nìyí. Àwa tí a lọ ń retí kí wọ́n pè wá, àwọn tí a fi sílẹ̀ ń retí kí a yíjú padà, olúkúlùkù sì ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tètè dé ọjà. Asẹ́ kò sí lára ògiri mọ́. Bàbá Alápẹ̀rẹ̀ ní obìnrin kan ti rà á, ó fẹ́ fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

"Mo rò pé o kò fẹ́ ẹ ni," ó wí. Kò sí ìkà lójú rẹ̀ rárá.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ ọjà níbẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti ìyá mi, ti gàrí, ti bàbá ahunsẹ́ tó kú tí kò rí ẹni fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun náà kò ní ẹni tó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun, ọmọ òun ń ta ọkọ̀ ní ìlú ńlá. Mo fi fídíò kan hàn án tí Mùínátù ti ṣe nígbà kan rí, tí Ìyá ń sẹ́ gàrí. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọwọ́ ìyá mi nìkan ló ń wò.

Ó ní, "Báwo ni kí ojú èyí tí màá hun fún un ṣe fẹ̀ tó?"

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ó ní kí n lọ mú ohun tó yẹ kó jò gba inú rẹ̀ wá. Mo lọ ra gàrí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa, mo gbé e wá. Ó fi ìka méjì ra á, ó sọ díẹ̀ sẹ́nu, ojú rẹ̀ hunjọ bíi ti ọmọdé tó lá ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé nígbà tí a bá ń sẹ́ ẹ, ó ṣì tutù, ó sì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí a bá sẹ́ ẹ tán ni a óò tó yan án. Ó gbọ́ mi. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo padà lọ. Asẹ́ náà dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó pe iye rẹ̀, mo san án láìná an, ó sì dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní kí n dúró. Ó di ìdì ọ̀pá wẹ́wẹ́ kan, ó fi í sínú asẹ́. Ó ní, "Bí ó bá já, kí ìyá rẹ fi tún un ṣe." Mo bi í pé èló nìyẹn. Ó ní kò lówó. Èènì! Èènì ni ọkùnrin yìí ń bù fún mi, kò sì mọ̀ pé ó lórúkọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Ẹnì kan tó ń lọ sílé ní Adégbayì ló bá mi gbé e. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó dé, láàárọ̀, Mùínátù pè mí lórí fídíò. Ó fi fóònù ti àpò ẹ̀gẹ́ kan lẹ́bu. Mo rí Ìyá. Ó ti gbó sí i, èéfín ti mú ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ́ ó wọ súwẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ nínú ooru Lálúpọn. Ó gbé asẹ́ sókè, ó fi wo oòrùn. Ó fi èékánná kan etí rẹ̀.

"Sọ fún un pé ojú rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀."

"Ìyá, bí ẹ bá lò ó, á dì."

"Sọ fún un pé mo mọ asẹ́ jù ú lọ."

Mùínátù la ẹnu kó sọ ọ́. Mo ní kó dákẹ́. Mo gbé fóònù mi ti ìrọ̀rí, mo sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ yàrá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa èéfín ẹbu lọ́jọ́sí, mo gbà á padà. Èéfín yẹn ló tọ́ mi, òun ló rán mi nílé-ìwé. Mi ò yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ sí yín. Ẹ forí jì mí."

Ó bu ẹ̀gẹ́ títẹ̀ sínú asẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ. Ṣàà, ṣàà, ṣàà. Ó tó ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dá ọwọ́ dúró, ó tẹ orí sún mọ́ fóònù.

"Ìkúnlẹ̀ lo wà yẹn?"

Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ìkúnlẹ̀ ni, Ìyá."

"Dìde. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù."

Mo dìde, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ó jẹ́ kí n sun ún tán.

"Ìyá, lọ́jọ́ tí mo ń lọ, mo rọra ń rìn. Mò ń retí kí ẹ pè mí."

"Mo rí ọ. Lẹ́ẹ̀mejì lo bẹ̀rẹ̀ tún bàtà ṣe. Bàtà ọ̀hún ò sì lókùn."

Mùínátù bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn fóònù.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò pè mí?"

Ó gbọn èérí inú asẹ́ dànù, ó fi ọwọ́ nu etí rẹ̀. "Ká ní mo pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn, wàá padà."

Mo fi etí aṣọ nu ojú.

"Inú bí mi o, mi ò ní parọ́," ó wí. "Ìbínú yẹn ò tó oṣù kan. Àmọ́ bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ tí mo dá ọ lóhùn, ẹnu mi á pè ọ́. Mo mọ ara mi. O ò tíì fìdí múlẹ̀ nígbà yẹn, ibo ni wàá tún padà sí? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rán àbúrò rẹ." Ó tún gbé asẹ́ sókè, ó wò mí láti inú ojú asẹ́ náà. "Ẹni tó bá ti lè rí ahunsẹ́ nílẹ̀ òkèèrè ti fìdí múlẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n máa ń fún yín láàyè níbi iṣẹ́?"

"Mo lè bi wọ́n, Ìyá."

"Iléyá ò jìnnà mọ́."

Ó gbé asẹ́ sílẹ̀, ó dìde dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu bí Ìyá Kúdí ṣe máa ń ṣe, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù fi dún gbì, bí ẹni pé etí títì ni mo ṣì wà, nídìí ọ̀kadà:

"Padà wá! Wá gbà á!"

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Kúdí láti ìta ẹbu: "Ẹ gbà mí o! Ta ni ìyẹn pè?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà mi kiri ilẹ̀ yàrá.